Ọ̀rọ̀ Tí Mo Tẹ̀ fún Fágbuyìró

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́,
tí mò ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọlọ́lá sínú bébà.
Ẹlòmíràn á sọ̀rọ̀ títí, bébà mi á ṣófo:
"Mo kín Abẹnugan lẹ́yìn." Ó tán.
Fágbuyìró ni kì í jẹ́ kí ìka mi sinmi.

Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já kòkó.
Bí inú bá fẹ́ bí i, á kọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀.
Àwa òṣìṣẹ́ mọ̀. A ó na ìka, a ó múra.

Ọ̀rọ̀ odò Àlà ló kọ́kọ́ gbé dé:
kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí etí omi.
"Odò tó gbàgbé orísun la máa ń bá wí," ó ní,
"èyí tí a gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?"
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo tẹ ẹ̀rín náà pẹ̀lú.
Wọ́n gbé àbá náà fún ìgbìmọ̀ kékeré,
ìgbìmọ̀ kékeré gbé e sínú dúrọ́ọ̀,
dúrọ́ọ̀ náà ní kọ́kọ́rọ́.
Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò rí kọ́kọ́rọ́ náà.

Ó bá àwọn tó ń wọn kòkó jà,
àwọn tí òṣùwọ̀n wọn ń jẹ àgbẹ̀ Ìta-Ògbólú lẹ́rù
láìní eyín.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ó ru òṣùwọ̀n wọ ilé aṣòfin,
ó gbé àpò ìyẹ̀fun tí gbogbo wa mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ parọ́ níṣojú ọlọ́pàá.
Òfin yẹn jáde.
Nínú àbá mẹ́sàn-án, òun nìkan ló jáde.

Ti igi gẹdú: ẹni tó bá gé ọ̀kan, kó gbin mẹ́ta,
kó sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi ga jù ú lọ.
Ti owó tíṣà: ó ní ebi kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò.
Mo rántí ìyẹn torí ìyá mi, tíṣà ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún òkú,
ká má tíì sọ ti ẹni tó ṣì ń jẹ èsúrú n'Ísọlọ̀.
Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ ilé iṣẹ́ omi,
ó dìde, ó nu awò ojú, a na ìka,
ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."
Lẹ́tà márùn-ún. Mo kà wọ́n.
Ìdìbò ku oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ ti fún un ní fọ́ọ̀mù.
Fọ́ọ̀mù náà ò gbè é:
wọ́ọ̀dù tirẹ̀ gan-an ló ti lulẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn òjò olójọ́ méjì,
mo rí i létí Àlà, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀,
okùn tó ta ní kókó ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.
Ó ń wọn ilẹ̀ láti etí omi
dé ògiri ilé kan tí àgbàrá ti gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ.
"Mọ́kànlá," ó wí, bí ẹni ń bá Abẹnugan sọ̀rọ̀.
Kò bi mí léèrè àlàáfíà.
"Ọjọ́ tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni yẹn, ṣé o tẹ̀ ẹ́?"
"Mo tẹ̀ ẹ́, sà."
"O ṣeun. Kọ èyí náà sílẹ̀."

Mo tú báàgì mi, rìsíìtì epo ni mo rí.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: mọ́kànlá.
Ó ti wọ ẹrẹ̀ lọ síbi ògiri kejì,
okùn ń wọ́ tẹ̀lé e.